Ọwọ́ Ta Lẹ Ti Gbà Á?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí à ń jọ pàdé ní pápá ìṣeré Moshood Abiola láràárọ̀ Sátidé, ẹ̀yin tí ẹ ń dá sáré ní Kubwa, Gwarinpa, Nyanya àti Lugbe, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Kaduna, Zaria, Minna àti Jos, bí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, mo kí yín. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ṣì wà bó ṣe wà, ẹ má bi mí léèrè rẹ̀ mọ́.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa ọmọ wa tó ṣubú lójú eré. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹnì kan ní ayé ló ṣe é. Ẹnì kan ní kò jẹun kó tó jáde nílé. Àgbàlagbà bíi tèmi kan tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní oòrùn Abuja ni. Oòrùn wo? Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù! Mo wà lẹ́bàá títì nígbà tó ń kọjá. Ó wà níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò mí gúlegúle, kò fajú ro. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí mo mọ bí ọmọ yẹn ṣe ń sáré. Bó bá ti sá kìlómítà mẹ́jọ, èjìká ọ̀tún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á ya ẹnu, á máa wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, èjìká kò gòkè. Ara rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Kò pẹ́ tó kọjá mi tí mo fi gbọ́ igbe. Ó ti dà lulẹ̀, gìrì ti mú un.

Páálí tramadol ni wọ́n bá nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ mílígíráàmù 225 sí lára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. NAFDAC kò fọwọ́ sí 225 yẹn, ẹnu ibodè ni wọ́n ń gbà kó o wọlé.

Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí. Bí kò tilẹ̀ bẹ̀ mí, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà láàyè, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ẹ dákun, ẹ pa fídíò yẹn rẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó dúró yà á yẹn, ọwọ́ tó fi di fóònù mú yẹ kó ti di orí ọmọ náà mú kó má baà fi gbá títì.

Nígbà tó lè jókòó, tí ìyá rẹ̀ jáde lọ ra omi, ìbéèrè kan ni mo bi í: ọwọ́ ta lo ti gbà á? Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní kí n má wulẹ̀ máa jìyà."

Ṣé ẹ gbọ́? Kí n má wulẹ̀ máa jìyà. Ọ̀tá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n gbé bírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé ayé ti yí padà, pé ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ràn.

Láti kékeré la ti ń kìlọ̀ àjèjì fún yín. Àwọn NDLEA wá sí ilé ẹ̀kọ́ yín, wọ́n ya àwòrán ọkùnrin burúkú kan tó fi fìlà bojú, tó ń ta oògùn ní kọ̀rọ̀. Mi ò tíì rí ọkùnrin onífìlà yẹn rí. Ta ló máa gba kwáyà, ìyẹn oògùn oníhóró, lọ́wọ́ àjèjì lọ́jọ́ eré? Ẹ ò ya wèrè. Ẹni tí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó bá yín gbé báàgì láti Kubwa, ẹni tó yá yín ní bàtà nígbà tí tiyín já, àbúrò ìyá yín tó ní kẹ́míìsì ní Mararaba, kóòṣì tó ń pè yín ní ọmọ òun. Ọwọ́ tó ti fún yín lóúnjẹ rí ni. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìta, ẹ mọ̀ pé inú yàrá ló ti ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Bàbá kàn ń pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tramadol ń ṣe. Oògùn ìrora ni. Irú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni dókítà ń fún, á sì wọn ìwọ̀n rẹ̀. Kò fi okun kún okun ẹnikẹ́ni. Àárẹ̀ ni máìgádì ara. Kwáyà yẹn fún máìgádì ní oògùn oorun ni, olè ṣì wà lẹ́nu géètì. Bó bá pọ̀ lára, ó ń dín èémí kù, ó sì ń fa gìrì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2024 ni WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, ti fòfin dè é lọ́jọ́ ìdíje. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ti fòfin dè é láàárín ara wọn ṣáájú ìyẹn, láti 2019. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kì í ṣe nǹkan kan, pé gbogbo ọlọ́kadà ló ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́kadà kì í sá marathon.

Ọ̀rọ̀ kwáyà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Hausa níbí. Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kaduna Junction, ìyá mi ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa. Nígbà tí Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè wá sí Kaduna ní 1977, ọ̀dọ́ ni mí, mò ń gun ògiri láti wo àwọn tó ń sáré, láti ìgbà náà ni mi ò sì ti fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mú orúkọ wá. Iléeṣẹ́ ìjọba kan gbà mí síṣẹ́ kí n lè máa sáré fún wọn. Eré sísá ni mo fi fẹ́yàwó, òun ni mo fi rán ọmọ níléèwé.

Kí iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa àjàgbé, Kano sí Lagos. Òun ló ra bàtà oníṣó àkọ́kọ́ fún mi, owó ọ̀nà rẹ̀ ló fi rà á, ebi sì pa á dé Kano lọ́jọ́ náà. Ó yọ nǹkan kan tó di sínú ìwé ìròyìn, ó ní, "Gbà. Òun ló ń gbé mi láti Kano dé Jẹ́bà tí mi ò fi ní mọ̀ pé ó rẹ̀ mí."

Ohunkóhun tí wọ́n bá fún mi nígbà náà, ìyá mi ni mò ń kó o fún kó bá mi tọ́jú. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, mi ò mọ bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín. Ìyá mi kò kàwé. Ó tú ìwé ìròyìn náà, ó wò ó, ó ní kí ló ń wò sàn. Mo ní kò wo nǹkan kan sàn, àárẹ̀ ló ń lé lọ.

Ó ní, "Ó ń lé e lọ síbo?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ẹyín iná lábẹ́ agbada àkàrà. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n mi wọlé; ohun tó sọ fún un, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kú sójú ọ̀nà o. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ rò pé ìtàn ń lọ nìyẹn. Kò kú. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó wà ní Ọ̀fà, ó ń jẹ iyán, ó ń bú gómìnà. Àmọ́ ẹ bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ń sùn lóru. Láti ìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀ lórí àjàgbé, rédíò ni wọ́n ń tan fún un títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá na oògùn sí yín, ẹ bi í ní ìbéèrè ìyá mi yẹn. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó bá ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Blessing Okagbare, tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú fífò jíjìn ní Beijing ní 2008, ta ni kò pàtẹ́wọ́ fún un rí nínú wa? Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2021, ní Tokyo, ó ku wákàtí díẹ̀ kó jáde fún ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú mítà 100, wọ́n ní kó dúró síbẹ̀ nítorí oògùn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ fòfin dè é, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e. Ọkùnrin kan tó wà ní Texas, Eric Lira, ló ń kó oògùn fún àwọn eléré. Ìjọba Amẹ́ríkà mú un, ó gbà pé òun jẹ̀bi, ní 2024 ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fúnni, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó gbà, ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹni tó ń fún yín ni ẹ jọ máa pín in bó bá dijú, ẹ tún un rò.

Ìyẹn ti mọ̀ọ́mọ̀. Èyí tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ́? Ní 2010, ní Delhi, Oludamola Osayemi gba wúrà mítà 100 àwọn obìnrin níbi ìdíje Commonwealth. Orin orílẹ̀-èdè wa dún. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gba wúrà náà padà, wọ́n bá methylhexaneamine, oògùn amárayá kan tí wọ́n fòfin dè, nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àlàyé tó ṣe ni pé oògùn ehín tó ń dun òun ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, èmi kò sí níbẹ̀. Òfin eré ìdárayá kì í gbọ́ tìyẹn: ohun tí wọ́n bá bá lára rẹ, ìwọ lo ni ín. Wọ́n á pín ìtọ̀ rẹ sínú ìgò méjì, A àti B, ojú rẹ ni wọ́n ṣe máa dì í, o ò sì ní lè sọ pé kì í ṣe tìrẹ. Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tún gbé e jáde yẹ̀ wò. Ọdún mẹ́wàá! O ti bímọ, o ti gbàgbé ẹni tó fún ọ.

Nítorí náà, bí ehín bá ń dùn yín, ẹ sọ fún dókítà pé eléré ìje ni yín kó tó kọ oògùn. Ẹ ya fọ́tò páálí rẹ̀. Àgbo tí ẹ ò mọ ewé inú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí kì í sáré. Mi ò sọ pé àgbo kò dára, èmi náà ń mu ún, ṣùgbọ́n ìtọ̀ tèmi, ta ló fẹ́ ẹ?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Berom ni, láti Bukuru lẹ́bàá Jos. Ẹ mọ àwọn ọmọ òkè yẹn, ilẹ̀ wọn ga tó bíi mítà 1,200 sí òkun, èémí wọn kì í tètè tán. A jọ ń sá mítà 5,000 àti 10,000. Yàrá kan náà la ń sùn bí a bá wà ní àgọ́, ìkòkò kan la fi ń sebẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ ẹlòmíràn nínú yín lọ. Ní àkókò ọyẹ́ kan, ó ku díẹ̀ ká lọ sí Lagos níbi tí wọ́n ti fẹ́ yan àwọn tó máa lọ sókè òkun, ibà mú mi. Mo fi pamọ́. Mò ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan, mo ní ọyẹ́ ni. Ó mọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n sọ fún kóòṣì, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ sálúbàtà, ó lọ sọ fún kóòṣì fúnra rẹ̀.

Wọ́n yọ orúkọ mi. Òun lọ. Ẹ rò ó wò, ẹni tó fẹjọ́ mi sùn ló jèrè níbẹ̀! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi díẹ̀, kó yáa gbọ́.

Àmọ́ nígbà tí ọmọ yìí ṣubú, òun ni mo kọ́kọ́ pè lórí fóònù, kí n tó pe ìyàwó mi pàápàá. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ó ní, "Ṣé ọmọ náà kò ní ọ̀rẹ́ kankan tó lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni?"

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ọ̀rẹ́ yín nínú àwọn tí ẹ jọ ń sáré? Mi ò béèrè ẹni tó ń ki yín, tó ń fi àwòrán yín sí status. Ta ló ti sọ fún yín rí pé ẹ má sáré lónìí? Ta ló lè dá yín dúró kí ẹ sì bínú sí i, kó má bìkítà? Bí ẹ ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ tètè wá a.

Ó yá, ẹ̀yin òbí. Ẹ má rò pé mo gbàgbé yín.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Mo mọ ohun tó ń lé ọmọ yẹn. Ilé ló ń lé e. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe WAEC. Wọ́n ti sọ fún onílé ní Kubwa pé kó ṣe sùúrù, pé ọmọ àwọn máa sáré ní Lagos lóṣù Kejì, pé tó bá ti dé, àwọn máa san. Ẹ ti ná owó eré tí ọmọ kò tíì sá! Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tó fi gba kwáyà. Bí ìyá kan bá ń sọ lójoojúmọ́ pé, "Ìwọ nìkan la ní o," ọmọ á gbọ́ ọ, kò sì ní gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún un mọ́.

Bàbá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú oṣù tó kọjá, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Kí ni àwọn ará Kenya yẹn ń lò?" Mo wò ó. Alàgbà ni nínú ìjọ rẹ̀ o! Wọ́n ń lo òkè, ọ̀gá mi. Ìlú Iten tí wọ́n ti ń sáré ga tó bíi mítà 2,400, ìlọ́po méjì Jos. Wọ́n ń jí sáré kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á tún sá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń jẹ ugali, òkèlè àgbàdo wọn, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Àwọn tó sì ń lo nǹkan mìíràn nínú wọn, ẹ wo ibi tó gbé wọn dé. Abraham Kiptum tó gba ipò kìíní ní marathon Lagos ní 2016 àti 2017, ní 2018 ó sá ìdajì marathon ní Valencia ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18, kò sí ẹni tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ọdún kejì ni wọ́n dá a dúró nítorí ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fagi lé Valencia. Kì í ṣe Kelvin Kiptum o, ẹ má da orúkọ wọn pọ̀. Kelvin ni ẹni tó sá marathon ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ní Chicago ní 2023, tí ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa á ní oṣù Kejì ọdún 2024. Kí Ọlọ́run tu ìdílé rẹ̀ nínú.

Ẹnì kan nínú yín máa sọ pé ẹni tí kò bá lo nǹkan kò ní rí nǹkan gbà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà tí ẹ rò pé mi ò gbọ́. Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ọmọ Kaduna bíi tèmi ni Sunday Bada. Ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé mítà 400 inú ilé ní Paris ní 1997. Ní Sydney ní 2000, òun àti Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong sá eré mítà 400 ẹlẹ́ni mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, ní ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68, Amẹ́ríkà nìkan ló wà níwájú wọn. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, Antonio Pettigrew tó wà nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn, ní 2012 ó di tiwa. Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Ó dùn mí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún yín. Ó yẹ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó gbé e kọ́rùn, kó rìn yí Kaduna ká. Mi ò mọ ohun tí wọ́n lè fi san ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ wo apá kejì. Michael Johnson wà nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà yẹn. Wọn ò bá nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ gbé ọ̀pá eré lé ara wọn lọ́wọ́ ló gbà á, tirẹ̀ náà sì lọ. Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe tún padà síbì kan náà? Mo ti gbìyànjú kí n sọ nǹkan mìíràn nínú lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ló ń fà mí padà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀. Ọkùnrin tó ní òun máa mú yín lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tó wá ní kí ẹ kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ kan kí ara yín lè gbé e, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wá sọ fún mi tàbí fún ìyàwó mi. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó mi lẹ máa sọ fún, ó sàn bẹ́ẹ̀, òun mọ ẹni tí wọ́n ń pè lọ́lọ́pàá.

Ẹ̀yin tí orúkọ yín ti wọ ìwé àwọn tí wọ́n lè wá yẹ̀ wò nígbàkúgbà, ẹ máa kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀ lójoojúmọ́, wákàtí kan tí wọ́n lè bá yín nílé. Ẹ rántí Tobi Amusan. Ẹni tó sá mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà ní 2022, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà, ọ̀rọ̀ pé wọ́n wá a tì nígbà mẹ́ta ló gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ní 2023. Wọ́n dá a láre, a dúpẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kàn yín.

Ọ̀rọ̀ marathon Lagos wá kù. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni, láti Surulere, ẹ ó gun Third Mainland Bridge, ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀ sí Eko Atlantic. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọyẹ́ Abuja sáré, atẹ́gùn ibí gbẹ, òógùn ń gbẹ lára yín kí ẹ tó mọ̀. Ti Lagos kò rí bẹ́ẹ̀. Omi wà nínú atẹ́gùn wọn, òógùn kì í gbẹ, ara kì í tètè tutù. Ẹ má sá a bí ẹ ṣe ń sáré ní Airport Road. Ẹ sá apá àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, àní bí gbogbo ènìyàn bá kọjá yín lórí afárá. Ara gbígbóná lè pa ènìyàn níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbé kwáyà mì kò ní mọ̀ pé ara òun ti gbóná. Omi orí tábìlì àwọn tó ṣètò eré nìkan ni kí ẹ mu. Bí ọ̀rẹ́ yín bá na ike omi sí yín lójú ọ̀nà, ẹ sọ pé ẹ ṣeun. Bó bá bínú, mo ti sọ fún yín bí tèmi ṣe bínú tó.

Ẹ sùn. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ mu fura da nono bí inú yín bá gbà á. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ. Mo ti ń sọ ìyẹn láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ mí, síbẹ̀ ẹnì kan máa wọ bàtà tuntun.

Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fún un. Mo mọ̀ ọ́. O wà lára àwọn tó ń ka èyí. Ọmọ náà kò dárúkọ rẹ fún mi, kò sì dárúkọ rẹ fún ọlọ́pàá. Mo fojú mi rí ẹni tó ń yẹra fún mi láti ọjọ́ náà. Mi ò ní fà ọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ń béèrè rẹ. Ó ní o ò gbé ìpè òun. Nọ́ńbà rẹ ń lọ, o kàn ń wò ó ni. Lọ kí i. Bí o bá ní kwáyà nínú àpò tìrẹ, mo sì rò pé o ní in, mú un wá fún mi. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan lójú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn, màá bi ọ́ léèrè ọwọ́ tí ìwọ náà ti gbà á, wàá sì sọ ọ́ fún mi.

Sátidé tó ń bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, lẹ́nu géètì tí a máa ń gbà wọlé. Kí olúkúlùkù gbé gbogbo oògùn tó ń lò wá, títí dórí Panadol. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì kan tó máa bá wa kà á. Àwọn tí kò tíì san owó ọkọ̀ Lagos, akápò ní kí ẹ mú un wá kó tó di Jímọ̀, nítorí awakọ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa tó ṣubú ti san tirẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n dá a padà fún ìyá rẹ̀, ààyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó pè mí.

Èmi ni bàbá yín, ní Kubwa.